Àdí Tí Mo Fi Pa Tíyò Lára

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti tèmi kí ẹ tó yàn. Iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí ìyá máa ń fi ọmọ yangàn lọ́jà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi yẹ ara tíyò wò, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn á gbé e wá síwájú mi, màá wò ó, màá fi owó bàbà kan án, màá sọ bóyá ó lè gbé epo láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí mo bá ní ó dára, wọn á gbé e lọ. Bí mo bá ní kò dára, wọn á fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà jí i lò. Ẹnu mi ni iṣẹ́ mi, ẹnu náà kò sì gbọdọ̀ yẹ̀.

Ó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ṣe ń kọ èyí, nítorí rẹ̀ náà ló sì ṣe pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Àwọn kan tí a jọ wà níbẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba tí mò ń bẹ̀rù ti kógbá wọlé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹ bá mi fara dà á.

Àdúgbò Houinmè ni wọ́n bí mi sí, ní Àjàṣẹ́ wa yìí. Olùkọ́ ni bàbá mi. Mo ka ìwé dé ibi tí owó rẹ̀ gbé mi dé, nígbà tí mo sì pé ọmọ ogún ọdún, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa mú mi lọ bá Ọ̀gá Tìmótì, olórí àwọn tó ń yẹ tíyò wò ní ilé iṣẹ́ náà. Owó oṣù tí wọ́n fún mi kò pọ̀, èmi náà kò sì mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wà lára tíyò tí ènìyàn fi ní láti kọ́ bí a ṣe ń wò ó. Èmi náà bi Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn àgọ́ iṣẹ́ wa, ó fi ọ̀pá irin kan hàn mí tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Sèmè-Kpodji létíkun. Mo fi ìka kàn án, ìka mi wọ inú rẹ̀.

"Iyọ̀ òkun ló jẹ ẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé."

Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ nígbà náà fi kó tíyò irú mìíràn wá. Òwú ni wọ́n fi ṣe é, òwú tí wọ́n fà jáde lára dígí yíyọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Wọ́n á wé òwú náà yípo yípo bí a ṣe ń wé okùn mọ́ igi, wọ́n á rì í sínú oje kan tó ń dì bí oje igi, yóò sì le koko. Ènìyàn méjì lè gbé e. Iyọ̀ kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé iṣẹ́ ti tán fún àwa tí ń yẹ nǹkan wò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi. "Ohun tí kì í dípẹtà náà ní àìsàn tirẹ̀," ló wí.

Àìsàn rẹ̀ rèé. Bí òwú kò bá mu oje yó, bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, tàbí bí wọ́n bá sọ ọ́ lulẹ̀, àwọn ìpele òwú yẹn á ya kúrò lára ara wọn nínú lọ́hùn-ún, òde ara rẹ̀ á sì dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àmì kan ṣoṣo ló máa ń yọ: ibẹ̀ á funfun díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń funfun nígbà ọyẹ́ bí wọn kò bá fi òróró pa á. Bí epo bá wá fi agbára gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni yóò ti là.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Ọ̀gá fi ń wá àìsàn yìí. Àkọ́kọ́ ni ojú. Ó ní yàrá kan tó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Níbẹ̀, yóò fi okùn fa àtùpà iná kékeré kan gba inú tíyò kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ lára rẹ̀. Tíyò tó dára á mọ́ bí oyin inú ìgò. Èyí tó ní àìsàn á ní àwọ̀ wàrà níhìn-ín, níhìn-ín. Èkejì ni etí: yóò fi owó bàbà kan án láti orí dé ìdí. Ẹ̀kẹta ni omi. Yóò rọ omi kún inú rẹ̀, yóò fi ẹ̀rọ fún omi náà ní agbára tó ju èyí tí epo máa ní lọ, yóò sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. "Omi là ń fi dán an wò, Akànní. Omi máa ń dárí jini. Iná kì í dárí ji ẹnikẹ́ni."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ti etí. Ọ̀gá á fi aṣọ di ojú mi, á gbé owó bàbà náà lé mi lọ́wọ́, á gbé àfọ́kù tíyò síwájú mi.

"Kan án. Kí ló sọ?"

"Ó dún kẹ́n, Ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe dún. Mo ní kí ló sọ?"

"Ó ní ara òun le."

"Irọ́ ló pa fún ọ. Tún bi í."

Láti ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, Dòsú á dá sí i: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó fi ìrẹsì bẹ̀ ẹ́. Bóyá á jẹ́wọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Dòsú jẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Gun ni bàbá rẹ̀, Nàgó ni ìyá rẹ̀, òun ni wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì, ìyẹn Ìdòwú lọ́dọ̀ àwa. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi àti àwọn rọ́bínẹ̀ tí a fi ń ṣí epo, tí a fi ń tì í. Ó tóbi, ó lágbára, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ di ẹ̀fẹ̀. Ọmọ Mẹ́tìrì ló ń pè mí, nítorí pé bàbá mi jẹ́ olùkọ́. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, á ní, "Ọmọ Mẹ́tìrì, gbogbo ìwé yẹn, tíyò kò mọ̀ ọ́n kà o." Lọ́sàn-án, inú abọ́ kan la ti jọ ń jẹun.

Ọ̀gá le. Ó máa ń dé kí a tó dé. Kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan tíyò bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi tí mo fi ọwọ́ tí mo fi jẹ àkàrà gbá tíyò mú. Ó fi igi rúlà gbá mi ní eegun ìka títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Má fi ọwọ́ olóròóró kan ojú tí mò ń wò!"

Mo rò pé ìmọ́tótó lásán ló ń wá. Kò sọ ìdí fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Nígbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ kì í bi ọ̀gá ní ìdí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ máa lọ kọ́ṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́.

Ní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba. A gbọ́ ọ nínú rédíò. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan kò yí padà nínú àgọ́ iṣẹ́ wa. Tíyò kò mọ̀ pé ìjọba mìíràn ti dé. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó lọ, ilé iṣẹ́ di ti ìjọba, wọ́n sì yan kòmítẹ̀ kan lé wa lórí, Kàmáráàdì ni wọ́n ń pe gbogbo wa. A kì í kí ara wa pé ẹ káàárọ̀ mọ́ níwájú wọn. A ó ní a ti múra tán fún Ìyípadà, ìyẹn orúkọ tí àwọn ológun fún ìjọba wọn, ẹni tí a kí á dáhùn pé ìjà ń bá a lọ. Ọ̀gá Tìmótì, àgbàlagbà onígbàgbọ́, á sọ ọ́ tán, á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ káàárọ̀ náà, ọmọ mi."

Alága kòmítẹ̀ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà ni, bí ẹ̀rù ṣe ń ba gbogbo wa. Àwọn kan wà lókè rẹ̀ tí òun náà ń wo ojú wọn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a tẹ́ tíyò olówùú dígí láti etíkun Sèmè-Kpodji lọ sí ibi àgbá epo. Wọ́n fẹ́ ṣí i ní ọjọ́ àjọ̀dún Ìyípadà, níwájú àwọn àlejò láti Kútọ̀nú. Gbogbo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku tíyò méjìlá. Àwọn méjìlá yìí ti sùn sínú iyanrìn àti oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọkọ̀ akẹ́rù sì wá kó wọn dé ní ọ̀sán tó ṣáájú àjọ̀dún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń já wọn sílẹ̀ ń sọ wọ́n lulẹ̀ bí igi ìdáná.

Alága wò wọ́n, ó fajú ro. "Kàmáráàdì Tìmótì, ṣé báyìí ni tíyò Ìyípadà ṣe ń rí? Ó funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ aláìníyàá."

"Ibi tó funfun yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, Alága. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Kí n fi omi dán wọn wò."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí n fi ojú àti etí wò wọ́n lówùúrọ̀ nígbà náà, kí ẹ tó so wọ́n."

"Ojú àti etí, kíákíá. Ẹ má dójú tì wá o."

Ọ̀gá wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ gbé àtùpà rẹ̀ wá. Èmi àti Dòsú ló kù lọ́dọ̀ tíyò. Ọ̀rọ̀ tí Alága sọ sí Ọ̀gá ń dùn mí. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọ aláìníyàá bú iṣẹ́ rẹ̀! Dòsú ṣí àpò rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde, ó da àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi pa apá. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe àdí yẹn fúnra rẹ̀ ní Akpro-Missérété, láti inú èkùrọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí i nítorí afẹ́fẹ́ òkun tó ń gbẹ ènìyàn lára.

Mo ní, "Dòsú, mú ìgò yẹn wá. Jẹ́ ká fi pa wọ́n lára."

"Pa ta ni lára?"

"Tíyò."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń mi èjìká rẹ̀. "Ọmọ Mẹ́tìrì! Ṣé o fẹ́ wẹ̀ fún wọn ni? Kí o tún pọ̀n wọ́n? Ó dára, mú èyí àkọ́bí, èmi á gbé àbíkẹ́yìn."

A fi àkísà pa gbogbo wọn lára, méjèèjìlá. Ìgò náà tán. Funfun ara wọn lọ níṣojú wa, bó ṣe máa ń lọ lára ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Wọ́n ń dán. Mo rántí pé inú mi dùn. Mo rántí pé mo ro bí Ọ̀gá á ṣe rẹ́rìn-ín lówùúrọ̀. N kò rántí rúlà àti eegun ìka mi rárá.

Lówùúrọ̀, Ọ̀gá fi aṣọ dúdú bo ara rẹ̀ àti tíyò, ó fa àtùpà gba inú rẹ̀. Ó mọ́ bí oyin. Ìkejì, bí oyin. Ó dé ìkẹrin, ó yọ orí jáde, ó nu awò ojú rẹ̀.

"Akànní, ṣé kò funfun lánàá?"

Mo la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Alága dúró tì wá pẹ̀lú ìwé tí Ọ̀gá máa fọwọ́ sí, ọkùnrin ológun kan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ro ó pé bí mo bá sọ pé mo fi nǹkan pa ohun ìní ìjọba lára, kí ni wọn á ṣe fún mi? Mo pa ẹnu náà dé.

"Bóyá iyanrìn lásán ni," ni Ọ̀gá sọ fún ara rẹ̀. "Bóyá mo ti ń darúgbó."

Ó ku etí. Ó mú owó bàbà rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kan án. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó máa kọrin fún àlejò ti dé, wọ́n ń fi orin náà kọ́ra, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu agogo. Ọ̀gá gbé etí lé tíyò. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi."

Alága súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kàmáráàdì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ dá orin Ìyípadà dúró ni?"

Ọ̀gá wo ọkùnrin ológun yẹn. Ó fi owó bàbà sínú àpò. Ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti fi bóòtù so gbogbo rẹ̀. Àlejò dé, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Dòsú ṣí rọ́bínẹ̀. Mo dúró níbi tíyò keje, mò ń wò ó. Mo rí i tó làágùn. Bí iwájú orí ènìyàn ṣe ń làágùn gẹ́lẹ́, wínníwínní. Lẹ́yìn náà ni ó di kùrukùru, òórùn ẹsáǹsì sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Dòsú! Tì í!"

Gbogbo ènìyàn ń sá lọ sí ọ̀nà òkun. Dòsú nìkan ló yí padà sí rọ́bínẹ̀, ó sì gbá a mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A kò mọ ohun tó tan iná náà. Ó lè jẹ́ mọ́tò kan, ó lè jẹ́ sìgá. Mo rí i pé ó ti rọ́bínẹ̀ náà dé òpin kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí pé ó tì í, iná náà kú kíákíá, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ akọrin. Mo sáré lọ fà á jáde. Ibẹ̀ ni apá ọ̀tún mi ti jó.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú tí Dòsú fi lọ.

N kò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá wá wò mí ní ilé ìwòsàn. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọsàn fún mi. Ó ní kòmítẹ̀ ti pinnu pé tíyò kan ṣoṣo yẹn ló burú, pé àwọn tó ṣe é nílẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ ba Ìyípadà jẹ́. Wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, wọn á tún rọ epo sí i.

Mọ́kànlá ló kù níbẹ̀, gbogbo wọn ni mo fi àdí pa.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ní àsìkò yẹn, rédíò ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń mú àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ń mú wọn jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Bí mo bá sọ àdí, wọn á bi mí pé àdí ta ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni wọn á lọ bá ní Akpro-Missérété. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ìyá mìíràn ló máa dúró ti rọ́bínẹ̀ yẹn ní ọjọ́ Ajé.

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń sunkún, ọsàn wà lẹ́nu mi.

Ọ̀gá gbé ọsàn tó kù sílẹ̀. Ó ní, "Mélòó lẹ pa?"

"Gbogbo wọn."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Dòsú nìkan."

Ó mí kanlẹ̀. Ó nu ẹnu mi. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. O ti sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ."

Mo gbọ́ ohun tó ṣe nígbà tí mo jáde. Ó lọ bá kòmítẹ̀, ó ní ojú òun ti bàjẹ́, pé òun fọwọ́ sí ohun tí òun kò rí dáadáa, kí wọ́n tú gbogbo tíyò náà kí òun tún un wò. Wọ́n pariwo mọ́ ọn. Wọ́n tì í mọ́ ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n tú àwọn tíyò náà, ó fi omi eérú àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sóòrùn. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló yọ funfun. Ẹnikẹ́ni kò tún kú níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, kó máa ṣí géètì fún ọkọ̀. Ó sì ṣe é, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ tó máa ń fọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ojú mi rí: èmi tí mo jẹ̀bi jókòó sínú yàrá dúdú, ẹni tí kò jẹ̀bi ń ṣí géètì fún mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pè mí wọ inú àtíbàbà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbé àfọ́kù tíyò kan sílẹ̀, funfun wà lára rẹ̀. Ó ta àdí díẹ̀ sí i. A jọ ń wò ó. Funfun náà parẹ́ bí ìrì.

"Ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ló funfun yẹn," ló wí. "Òróró á wọ inú wọn, wọn á kún, ojú kò ní rí wọn mọ́. Ilà kò sàn o, ó kàn fara pamọ́ ni." Ó nu ọwọ́. "Akànní, èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo sọ fún ọ pé má ṣe. N kò sọ ìdí. Rúlà kò lè sọ ìdí fún ènìyàn."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń wọlé láràárọ̀, bó ti ń ṣí géètì, á bi mí pé, "Ṣé o ti fọ̀ wọ́n?" Màá ní, "Mo ti fọ̀ wọ́n, Ọ̀gá." Á ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí i." Ọdún mẹ́rin la fi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ara wa, kó tó lọ sinmi nílé.

Iṣẹ́ náà yí padà púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ dúdú lọ, owó bàbà lọ. Wọ́n kó ẹ̀rọ kan wá tó ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ wọ inú tíyò, tó sì ń ya ohun tó bá pàdé sójú gíláàsì bí ẹni ya òkè àti àfonífojì. Ẹ̀rọ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kó tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan tó ń yọ̀ pa ara tíyò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin tó wá kọ́ wa tó ń fi nǹkan náà pa á, mo dìde, mo jáde síta.

Ó tẹ̀lé mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ṣé ara yín kò yá ni?"

"Ara mi yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a fi ojú wò ó ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ohun tó bá wù yín pa á."

Ó ní kò sí nínú ìwé. Mo ní mo mọ̀. Ó wo apá mi, ó sì lọ bu omi.

Apá yìí ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níkẹyìn. Awọ rẹ̀ súnkì, n kò lè nà án tán mọ́. N kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n dókítà ní ó tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún tí Dòsú ti kú, mo máa ń lọ kí ìyá rẹ̀. Bí mo bá ti dé, kó tó fún mi lómi, á ní, "Mú ọwọ́ wá." Á da àdí sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa apá tó jó yìí, láti èjìká dé ìka, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ lára. Àdí kan náà. Èmi á jókòó, n kò ní lè gbójú sókè. Ó máa ń rò pé ó ń dùn mí ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń padà sílé pẹ̀lú òórùn rẹ̀ lára mi, n kò sì sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, a sin Ọ̀gá Tìmótì. Kò sẹ́ni tó tún mọ̀ mọ́ àfi èmi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí n kò bá gbé ẹsẹ̀ òtítọ́ yìí fúnra mi, inú ilẹ̀ la ó jọ lọ. Mo lọ sí Akpro-Missérété. Ìyá ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́. Ó ní, "Mú ọwọ́ wá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí pa á.

"Ìyá, àdí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Dòsú nígbà náà, èmi ni mo ní ká fi pa tíyò lára. Òun ló bo ibi tó là. Mo mọ̀ ọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá bi mí, n kò sì fèsì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí apá mi. Kò gbé e kúrò. Àwọn adìyẹ ń tú ilẹ̀ ní àgbàlá. Mo ń dúró de ohun tí mo ti ń sá fún.

"Ọ̀gá yín mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó panu mọ́ kí wọ́n má baà wá mú yín."

"Ó ṣe é re. Ìjọba yẹn ti lọ. Ìwọ ń panu mọ́ nítorí ta ni?"

"Ẹ̀rù ni, Ìyá."

Ó mi orí. "Dòsú ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ fi pa á?"

"Àwa méjèèjì la jọ pa á. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ní ṣé mo fẹ́ wẹ̀ fún wọn ni, kí n tún pọ̀n wọ́n. Ó ní kí n mú àkọ́bí, òun á gbé àbíkẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ń mi èjìká rẹ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Èjìká tirẹ̀ náà ń mì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, n kò kíyè sí i rí. Lẹ́yìn náà ni omi ojú rẹ̀ wá, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn.

"Iná nìkan ni wọ́n sọ fún mi," ló wí. "Gbogbo ọdún yìí, iná nìkan. Gbogbo ọdún yìí tí o ń wá síbí, o kò sọ fún mi pé ọmọ mi rẹ́rìn-ín."

Ó di apá mi mú.

"Ìwọ tí o mọ ìwé, kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ti àdí, kí ọmọ ọlọ́mọ má tún ṣe é. Kọ bí o ṣe panu mọ́. Má sì yọ ẹ̀rín rẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó táràrà wá ìgò náà, ó tún da àdí sí àtẹ́lẹwọ́.

"Mú ọwọ́ wá," ló wí. "N kò tíì dé ìka."

Mo na ọwọ́ sí i.